Etí Omi Wo Ni Òǹkọ̀wé Dúró Sí? Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Ọ̀sà Nínú Ìwé Àtijọ́

Bí ẹ bá fẹ́ wá ìtàn ọ̀sà wa yìí, láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, nínú ìwé, ẹ má tíì lọ sí ilé ìkówèésí. Ọjà ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Olùkọ́ ni mí o, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé kò sì sú mi rí. Ṣùgbọ́n kí n tó di olùkọ́, ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Ìyá mi ta àrọ̀, ó ta ọ̀bọ̀kún, ó ta epìyà, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wá ṣílẹ̀kùn ìwé fún mi. Bí oníbàárà kan bá ń ná ọjà ní ìnákúnàá, ìyá mi á ní, "Ìyá yìí, owó ìgbà Àgídìngbì lẹ fẹ́ san fún mi." Mo rò pé orúkọ ènìyàn ni Àgídìngbì. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kí n tó rí i nínú ìwé pé ogun ni. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, ìró ìbọn ńlá yẹn sì ń dún "àgídìngbì, àgídìngbì" létí àwọn ará ìlú. Ìró náà ni wọ́n fi sọ ogun lórúkọ. Mo jókòó ti ìwé yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ọjọ́ orí ogun náà wà lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹja.

Orúkọ lẹ ń wá lọ sí ọjà: orúkọ ogun, orúkọ èbúté, orúkọ olóyè tó ti kú, orúkọ òrìṣà tí wọ́n ń bọ létí omi. Ìwé àtijọ́ kì í sábà ní atọ́ka lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá ní orúkọ lọ́wọ́, ẹ máa ka igba ojú ewé láìmọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ bí ẹnu ṣe pè é gẹ́lẹ́, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́. Kí ẹ sì ra ẹja níbẹ̀ o. Ẹni tó bá dúró ti ìyá ẹlẹ́ja fún wákàtí kan, tó ń bi í léèrè ìgbà ìwáṣẹ̀, tí kò ra epìyà kan ṣoṣo, kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí wọ́n bá purọ́ fún un.

Ọ̀sà tí mò ń wí ni èyí tó tẹ́ rẹrẹ láti Èkó, tó kọjá níwájú Ìkòròdú, tó gba iwájú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ bá ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀ lápá Èkó, odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Ìlú tó wà létí rẹ̀ pọ̀, kálukú ló sì ní ìtàn tirẹ̀ lórí omi kan náà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Abẹ́ ibùsùn ṣáájú ilé ìkówèésí

Nígbà tí orúkọ bá tó bí ogún nínú ìwé ìkọ̀wé yín, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àwọn àgbà ilé. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ìwé ìtàn. Ìwé ètò ìsìnkú ni, tàbí ìwé ìrántí àádọ́ta ọdún ìjọ kan, tàbí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tí wọ́n to orúkọ àwọn ọba sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n di àkàrà. Nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan ládùúgbò wa ni mo ti kà á pé bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí ogun Àgídìngbì lé, wọ ọkọ̀ kúrò ní Èkó, ó sì dárúkọ èbúté tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. N kò tíì rí èbúté yẹn nínú ìwé mìíràn. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn lẹ́mọ́ọ̀mù. Àwọn kan ṣì ní ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá tí bàbá ńlá wọn fi sílẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n fún yín o. Ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nínú àpótí àbúrò bàbá mi ni mo ti rí ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ewé rẹ̀ ti ń tú. Inú mi dùn débi pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, sẹ́lótéèpù ti pọ́n bí ìdodo àgbà, ó gbẹ, ó sì ká lẹ́tà kúrò lórí ewé mẹ́rin. Ojú ewé mẹ́rin yẹn kò sí mọ́ láyé mi. Nítorí náà, ìwé tó bá ti gbó, ẹ fi bébà funfun wé e, ẹ fi okùn òwú funfun dè é, ẹ gbé e sí ibi tí kò lóoru, tí ikán kò lè dé. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ lójú mọmọ, nítòsí fèrèsé, láìtan iná fóònù. Ojú ewé tí orúkọ òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé wà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Mo ti rí àwòrán ọgọ́rin ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwé tó ti wá.

Bí ojú ewé àkọ́kọ́ bá ti já sọnù, ìwé fúnra rẹ̀ á máa tú ara rẹ̀ fó. Bí iye owó rẹ̀ bá jẹ́ sísì tàbí ṣílè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973. Bí ó bá ń gbàdúrà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ ìgbà tó wà. Bí ó bá sì kọ "nwọn" àti "enia", ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ìwé kíkọ kí àkọtọ́ tuntun ti ọdún 1974 tó balẹ̀.

Àwọn ìwé tí ẹ máa bá pàdé

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí ni ti John Augustus Otunba Payne, tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1893. Kò dùn-ún kà rárá. Ọjọ́ ló tò sílẹ̀: ọjọ́ ogun, ọjọ́ ikú ọba, ọjọ́ àdéhùn. Rẹ́jísírà ilé ẹjọ́ gíga ni Payne, ó sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé fún ìlò ilé ẹjọ́ ní Èkó ni òun ṣe é. Ẹ ronú sí i. Ẹlẹ́rìí dé iwájú adájọ́, wọ́n bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ìgbà ogun báyìí ni wọ́n bí òun. Adájọ́ òyìnbó kò mọ ogun báyìí. Ìwé Payne ni wọ́n á ṣí. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún àwa náà: orúkọ tí ẹ kó bọ̀ láti ọjà ló ń yí padà sí ọdún.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn Èkó tí J. B. Losi kọ, ti ọdún 1914. Níbẹ̀ lẹ máa bá Olófin àti àwọn olóyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, àwọn onílẹ̀ Èkó, àti àwọn ọba Èkó títẹ̀ léra. Ìwé Samuel Johnson lórí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló fi àjákù àkọsílẹ̀ tún un kọ títí ó fi jáde ní 1921. Fún ọ̀sà, kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó bí ẹ ṣe máa rò. Ìwé pẹlẹbẹ T. Ola Avoseh ni kí àwọn ará etí omi wá: ó kọ ti Àgbádárìgì ní 1938, ó kọ ti Ẹ̀pẹ́ wa ní 1960.

Ti Ellis ńkọ́? A. B. Ellis jẹ́ ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá jáde ní 1894. Ó kọ nípa Ọlọ́sà pé òun ni òrìṣà ọ̀sà Èkó, pé aya Olókun ni, pé irun rẹ̀ gùn, pé ọ̀nì ni ìránṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pa á. Bí omi bá kún bo etí, a jẹ́ pé inú ń bí i. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ, nítorí ìyá ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkò lu ọ̀nì, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ẹlẹ́jọ́ ka Ellis. Púpọ̀ nínú ohun tó kọ nípa òrìṣà, ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Noel Baudin, ló ti kó o, tí ìwé tirẹ̀ ti jáde ṣáájú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé méjèèjì, ẹ má kà á sí ẹlẹ́rìí méjì. Ẹnu kan ló jáde.

Ti Johnson àti ti Ellis wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní Internet Archive. Fún àwọn ìwé pẹlẹbẹ, ẹ máa ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ilé ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì, tàbí sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ mú pẹ́ńsù dání nítorí wọn kì í fẹ́ bírò nítòsí ìwé, ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní ilé ìkówèésí kan tí n kò ní dárúkọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé. Ọjọ́ kẹrin, mo gbé oúnjẹ dání, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dé.

Lẹ́tà ń tan ni jẹ

Bí ẹ bá ń wá Ẹ̀pẹ́ nínú ìwé òyìnbó àtijọ́, ẹ kò ní rí i. "Eppe" ni wọ́n kọ. Ìjẹ̀bú di "Jebu" tàbí "Jaboo", Lẹ́kí di "Leckie", ọba Dòsùnmú di "Docemo", Ẹ̀jìnrìn di "Ejirin". Èkó fúnra rẹ̀ ń jẹ́ "Onim" nínú ìwé àwọn Potogí àti àwọn ará Brazil. Kí ẹ kọ gbogbo ìrísí orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ojú kan nínú ìwé ìkọ̀wé yín, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tí mo mọ ẹ̀tàn yìí ni ohun tí mo rí fi di ìlọ́po márùn-ún.

Ìwé Yorùbá náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "Aiye" ni ayé, "yio" ni yóò, "on" ni òun, "li ọjọ na" ni lọ́jọ́ náà. Èyí rọrùn. Àìsí àmì ohùn ló ń dá ni lóró. Mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó nígbà kan, bí ìwé àtijọ́ á ṣe kọ ọ́: *Ọkọ mẹta si rì li ọjọ na.* Mo ní kí ọmọ kíláàsì karùn-ún túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní ọkọ ìyàwó mẹ́ta ló kú sómi. Kíláàsì dàrú. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí ló fi hàn án nínú lẹ́tà yẹn? Bí atẹ̀wé bá tún wá jẹ́ òyìnbó tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀, "oko" tí ẹ rí lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ, ọkọ̀, tàbí ọkọ́. Ọkọ́ ló wà nínú orúkọ Kòsọ́kọ́, orúkọ àbíkú: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́ mọ́. Ẹ ka gbólóhùn tó rú yín lójú sókè, fún àgbàlagbà, kí ó gbọ́ ọ létí. Etí rẹ̀ á dá ohùn padà sí i.

Ọjọ́ àti owó

Ẹ má jà lórí ọdún kan ṣoṣo. Ọdún wo ni Kòsọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́? Àwọn kan kọ 1851, àwọn kan kọ 1852, mo sì ti rí àgbà méjì tí wọn kò kí ara wọn nítorí rẹ̀. Ẹ wo ogun náà: ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá 1851 ni ìjà ńlá, òru ni Kòsọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852 sì ni Akíntóyè, ẹni tí wọ́n fi jọba rọ́pò rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yí padà lórí omi. Ẹni tó ka ọjọ́ tó kúrò nílé ń sọ òótọ́, ẹni tó ka ọjọ́ tó tẹ̀dó ń sọ òótọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé lẹ́mọ́ọ̀mù, ọdún Hìjírà lẹ máa bá: 1268 bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹwàá 1851, nítorí náà ogun àti ìtẹ̀dó bọ́ sínú ọdún kan ṣoṣo níbẹ̀, ìjà parí.

Owó náà ń fẹ́ ìṣirò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá kọ́ńsúlù Benjamin Campbell ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ó gbà láti jáwọ́ nínú òwò ẹrú àti nínú ìtẹ́ Èkó, wọ́n gbà pé Palma àti Lẹ́kí ni èbúté tirẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí orí owó 2,000 fún un lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000. Orí owó wo? Ẹ má rò pé owó ẹyọ 2,000 ni. Orí kan jẹ́ ẹgbàá owó ẹyọ, ìyẹn 2,000. Orí mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Iye tí wọ́n ṣèlérí wá jẹ́ igba ọ̀kẹ́, owó ẹyọ 4,000,000. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí ni mo tó mọ irú ènìyàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá sọ̀rọ̀. A kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìsáǹsá lásán.

Etí omi wo?

Ibí yìí ni mo ní kí n dé látàárọ̀. Kò sí ìwé ọ̀sà tí a kọ láti àárín ọ̀sà. Gbogbo òǹkọ̀wé ló dúró ní etí kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ etí tó dúró sí kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìkọ̀wé mi lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń dáhùn: Ìlú wo ni òǹkọ̀wé yìí ń gbé? Ta ló bi léèrè? Ta ni ìwé náà wúlò fún?

Ẹ mú Kòsọ́kọ́ yìí náà. Nínú ìwé àwọn ajíhìnrere, olówò ẹrú ni, ọ̀tá ìmọ́lẹ̀, Akíntóyè sì ni ọba rere. Ẹ sọdá sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn Iléyá, ní bí oṣù kan, ẹ máa bá wa nídìí Káyókáyó. A ń jẹ, a ń yó, a ń fi rántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gúnlẹ̀. Apá kan ìlú ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní nítorí wọn, apá kejì ń jẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, nítorí náà etí méjì ni mo fi ń gbọ́ ìtàn nílé. Ìyá mi a ní àlejò ni wọ́n. Bàbá mi a ní ta ló kọ́ ìlú? N kò wá sọ pé ọwọ́ Kòsọ́kọ́ mọ́ o; ó ta ènìyàn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Àmọ́ Akíntóyè náà kò wẹ̀ mọ́ nínú òwò yẹn kó tó sá lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ajíhìnrere kì í sì í pariwo rẹ̀.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹ lépa láti ìwé dé ìwé, nítorí omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú lẹ́ẹ̀kan, Elétù Òdìbò, olóyè ńlá kan tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, hú egungun ìyá Kòsọ́kọ́, ó sì dà á sínú ọ̀sà. Wọ́n ní nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà, tó sì gba ìlú ní 1845 nínú Ogun Olómirò, ó mú Elétù, ó fi í sínú àgbá, ó sì jù ú sínú ọ̀sà kan náà. Ẹ ka ìtàn yìí níbi mẹ́ta, ẹ máa rí i pé ẹnì kan sọ egungun, ó fo àgbá; ẹlòmíràn sọ àgbá, ó fo egungun. Ẹni tó fo egungun fẹ́ kí Kòsọ́kọ́ jẹ́ ìkà láìnídìí. Ẹni tó fo àgbá fẹ́ kí ẹ bá a sunkún. Ohun tí wọ́n fò ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ilẹ̀ náà ń dá ìtàn kọ. Ìtàn Olófin àti Ìdẹ́jọ pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ nítorí pé ìjọba gba ilẹ̀. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ní 1921 sì ni ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé ará ìlú ló ni ilẹ̀, owó rẹ̀ sì tọ́ sí wọn. Láti ìgbà yẹn, ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ dé etí omi kì í ṣe eré òṣùpá mọ́. Bí ìwé kan bá ń tẹnu mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ pé bàbá ńlá báyìí ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ibí, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ wá ẹjọ́ ilẹ̀ tó sún mọ́ ọdún náà.

Ẹ gbé ìwé wọ inú ọkọ̀

Lẹ́yìn gbogbo kíkà, ẹ lọ wo omi. Ìtàn ní Àrómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Olófin, lúwẹ̀ẹ́ láti Ìddó lọ sí erékùṣù Èkó, ó sì dá oko ata síbẹ̀. Orí oko ata náà ni Ìgá Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Lọ́jọ́ kan mo dúró sí Ìddó, mo wo afárá Carter tó lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà náà kò jìn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó bá mọ̀wẹ̀ á dé òdìkejì, á sì padà wá jẹun. Ìtàn náà wá dúró gidi lójú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó rí omi bá rẹ́ ni Àrómirẹ́. Bí apẹja ṣe ń gba ilẹ̀ náà nìyẹn.

Orúkọ tún wà lórí ilẹ̀ tí ẹ máa bá nínú ìwé tó dàgbà ju gbogbo èyí lọ. Àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ti àwọn òyìnbó pe ọ̀sà wa ní "Lago de Curamo". Ẹ lọ sí Victoria Island lónìí, Kuramo ṣì ń bẹ níbẹ̀. Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé láàárín 1505 sí 1508 nípa ẹnu omi Èkó àti ìlú ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀ tó pè ní "Geebuu", tí kòtò ńlá yí ká, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ "Agusale". Bí ẹ bá kà á sókè, ẹ máa gbọ́ Ìjẹ̀bú, ẹ máa gbọ́ Awùjalẹ̀. Èrèdò ṣì wà nínú igbó níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wo kòtò náà. Ìwé yẹn wà nílẹ̀ láìtẹ̀ títí di 1892, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ wa, tí wọ́n gba ibẹ̀ lọ jẹ Ìjẹ̀bú níyà ní ogun Ìmàgbọ̀n. N kò mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe, àmọ́ n kò lè gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹ̀dà àwọn ojú ewé mélòó kan lọ sí èbúté, mo jókòó ti bàbá ọlọ́kọ̀ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo ń kà á sí i létí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọjà ńlá tí wọ́n ń ná létí ọ̀sà, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Ejirin." Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ tún un pè, tíṣà."

Mo tún un pè.

"Ẹ fi imú pè é. Ẹ̀jìnrìn. Ẹni tó kọ ìyẹn kò ra ẹja níbẹ̀ rí."

Mo yọ pẹ́ńsù jáde, mo kọ Ẹ̀jìnrìn sí etí ewé náà, mo kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀, a sì ń bá a lọ.